Odò Kaveri: Ẹyẹ Ló Da Omi, Ènìyàn Ló Há A Mọ́

Ẹyẹ kan ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ odò tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ará gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní ní ìgbà láéláé, bàbá ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Agastya gbé odò kan ní ìyàwó, ó rọ ọ́ sínú ìkòkò kékeré, ó sì ń gbé e kiri. Ọ̀dá dá, ilẹ̀ sán, òǹgbẹ ń pa ènìyàn àti ẹran, ṣùgbọ́n bàbá kò tú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ni òrìṣà wọn tí ó ní orí erin, Ganesha, bá para dà di kannakánná, ó fò wá bà lé etí ìkòkò, ó fi ẹsẹ̀ taari rẹ̀, omi dànù, odò Kaveri sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn títí di òní olónìí.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti ń rò lórí odò náà láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀kan náà ni: ẹnìkan há omi mọ́ inú ìkòkò, ẹlòmíràn ń bẹ ní ìsàlẹ̀ tí ń ké pé kí ó dà á. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òkúta ni wọ́n fi mọ ìkòkò ti òde òní, kannakánná kò sì lè fi ẹsẹ̀ taari rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹyẹ odò náà gan-an ti wá di ara àwọn tí ń retí ohun tí ẹni tí ó di ìkòkò mú yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rin odò náà já. Orí òkè Brahmagiri ní àgbègbè Kodagu, ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ni ó ti sun jáde, níbi tí wọ́n ń pè ní Talakaveri. Ibẹ̀ ga ju 1,200 mítà lọ sí ojú òkun. Ẹni tí ó bá retí àgbàrá ńlá níbẹ̀ yóò ṣe àṣedànù, nítorí adágún kékeré kan tí wọ́n fi òkúta yí ká ni yóò bá. Ṣùgbọ́n ní àárín oṣù kẹwàá ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa tò lọ síbẹ̀ láti rí bí omi yóò ti hó jáde láti inú ilẹ̀, kí wọ́n sì wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí òrìṣà obìnrin ni Kaveri lójú wọn. Láti ibẹ̀ ni odò náà ti sọ̀kalẹ̀ láàárín oko kọfí, ó la orí ilẹ̀ Karnataka já, ó já bọ́ láti orí àpáta ní Shivanasamudra, ó há sínú àfonífojì tóóró, ó tún já bọ́ ní Hogenakkal ní ẹnu ààlà, ó wọ ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ó sì gba ìlú Tiruchirappalli kọjá lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Thanjavur tí ó kún fún ìrẹsì, kí ó tó wọ inú òkun ní Poompuhar. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 800 kìlómítà. Àwọn odò bíi Hemavati, Kabini, Shimsha, Arkavathi, Bhavani àti Amaravati ń dà sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni odò náà pín sí méjì tí ó sì yí erékùṣù ńlá ká, tẹ́ńpìlì sì wà lórí erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ ni Srirangapatna, níbi tí wọ́n ti pa ọba Tipu Sultan ní ọdún 1799 nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fọ́ odi ìlú rẹ̀. Ìkejì ni Shivanasamudra, níbi tí wọ́n ti fi agbára omi tí ń já bọ́ ṣe iná mànàmáná ní ọdún 1902, tí wọ́n sì fi wáyà gbé e lọ sí ibi ìwakùsà wúrà ní Kolar, ìrìn tí ó lé ní 140 kìlómítà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ayé kò tíì mọ iná tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni Srirangam.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ odò yìí le ju ti ọ̀pọ̀ odò mìíràn lọ ni pé òjò méjì ni ó wà fún ilẹ̀ rẹ̀, méjèèjì kì í sì í rọ̀ sí ibì kan náà. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ẹ̀fúùfù láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn a máa gbé òjò bọ̀ láti orí òkun, a sì rọ̀ ọ́ lé orí àwọn òkè Kodagu àti Wayanad. Òkè náà dá ìkùukùu dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó kọjá sí ẹ̀yìn. Nítorí náà, ní àsìkò kan náà tí òjò ń lu òrùlé ní òkè odò, oòrùn ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ní Tamil Nadu ń rí. Ó di oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá kí ẹ̀fúùfù kejì tó fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, kí tiwọn náà tó rọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Thanjavur fẹ́ gbin ìrẹsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní kuruvai. Kò lè dúró de òjò tirẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ sí orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ fi gbìn ín, odò sì ni oníṣẹ́ tí ń bá a gbé e bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọdún tí òjò òkè bá kùnà ni ojú ń pọ́n.

Àwọn baba ńlá wọn mọ èyí, wọ́n sì fi ọgbọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ní ìsàlẹ̀ Tiruchirappalli ni Kallanai wà, ògiri òkúta tí wọ́n ní ọba Karikala ti ìdílé Chola mọ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ó gùn tó nǹkan bí 330 mítà, ó sì ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti há omi mọ́. Ibi tí odò ti pín sí méjì ni wọ́n mọ ọ́n sí: apá kan, Kollidam, jìn ju èkejì lọ, gbogbo omi ni ìbá sì gba ibẹ̀ sá lọ sí òkun. Ògiri Kallanai ni ó yí omi padà sí apá Kaveri, kí ó lè dé oko. Nígbà tí omi bá sì pọ̀ jù, yóò gun ògiri kọjá sí Kollidam, kò ní í ba oko jẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, Arthur Cotton, ẹnjiníà òyìnbó, wo iṣẹ́ náà fínnífínní, ó rí i bí wọ́n ti gbé òkúta lé orí iyanrìn láìsí pé ó rì, òun náà sì mọ irú rẹ̀ sí òkè odò ní ọdún 1836. Òyìnbó tí ó wá kọ́ wa ní iṣẹ́, òun náà kọ́ iṣẹ́ kí ó tó lọ. Wọn kì í sábà sọ èyí fún àwọn ọmọ iléèwé.

Kallanai ń pín omi. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní ogún ọ̀rúndún ń há a mọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1911, ìjọba Mysore, lábẹ́ ọba Krishnaraja Wadiyar Kẹrin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù ńlá kan ní Kannambadi, níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé. Ẹnjiníà M. Visvesvaraya ni ó ya àwòrán rẹ̀, tí ó sì ṣe atọ́nà iṣẹ́ náà. Kò sí sìmẹ́ńtì lọ́pọ̀ yanturu nígbà náà. Ẹfun àti bíríkì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n pò pọ̀ láti fi mọ òkúta lé òkúta. Ó gba nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n pè é ní Krishnarajasagara, orúkọ ọba náà ni, KRS ni aráyé sì ń pè é. Omi bo àwọn abúlé mọ́lẹ̀, tẹ́ńpìlì Kannambadi pàápàá wà lábẹ́ omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tún un kọ́ sí etí bèbè.

Àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso Madras ní ìsàlẹ̀ odò kò dákẹ́. Láti ọdún 1892 ni wọ́n ti ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ pé Mysore kò gbọdọ̀ sé odò láìjẹ́ pé Madras fọwọ́ sí i. Àríyànjiyàn náà gùn, ó di ọdún 1924 kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tí ó gbà kí KRS wà, tí ó sì gbà kí Madras náà mọ dáàmù tirẹ̀ ní Mettur. Wọ́n parí ìyẹn ní ọdún 1934, orúkọ gómìnà Madras, Stanley, ni wọ́n sì fi pe omi tí ó há. Abúlé tún rì níbẹ̀ pẹ̀lú. Títí di ìsinsìnyí, ní ọdún tí omi bá fà, ère akọ màlúù Nandi tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ yóò yọ orí láti inú omi Mettur, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan yóò yọ jáde pẹ̀lú. Àwọn apẹja tí ń tu ọkọ̀ kọjá lójoojúmọ́ fi wọ́n ṣe ìwọ̀n: bí Nandi bá ti fara hàn, wọ́n mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀ fún àwọn àgbẹ̀.

Mo fẹ́ yára kọjá lórí ẹjọ́ náà, nítorí ó lè kún odindi ìwé ìròyìn yìí. Àdéhùn 1924 pé àádọ́ta ọdún ní 1974, Karnataka sì ní òun kò sí lábẹ́ ohun tí àwọn òyìnbó fi tipátipá mú ọba òun fọwọ́ sí. Wọ́n mọ àwọn dáàmù mìíràn sórí àwọn odò tí ń dà sínú Kaveri. Ní ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ olùdájọ́ kalẹ̀. Ní 1991, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé kí Karnataka máa fi omi sílẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Bangalore, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ilé, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Tamil sì sá kúrò nílùú. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2016, wọ́n sun bọ́ọ̀sì lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìdájọ́ ìgbìmọ̀ jáde ní 2007, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì tún un ṣe ní oṣù kejì ọdún 2018.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú ìdájọ́ náà ni TMC. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí ó kún fún omi bá pé bílíọ̀nù kan, TMC kan nìyẹn. Gbogbo omi tí wọ́n ṣírò sí ọdún kan jẹ́ 740. Tamil Nadu gba 404.25, Karnataka gba 284.75, Kerala gba 30, Puducherry gba 7. Ẹ rò ó pọ̀. Yóò ku 14. Nínú mẹ́rìnlá yìí, mẹ́rin jẹ́ omi tí wọ́n mọ̀ pé kò sí bí àwọn ti lè ṣe é tí kò ní í ṣàn wọ òkun. Mẹ́wàá tí ó kù ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àyíká. Ẹja, ọ̀nì, igi etí bèbè, ẹnu odò tí iyọ̀ òkun ń jẹ wọlé, àti gbogbo ẹyẹ, mẹ́wàá yìí ni gbogbo wọn yóò pín.

N kò ní í fi èyí bú àwọn adájọ́. Ẹni tí àgbẹ̀ méjì dúró síwájú rẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń sunkún, tí ó sì rí nǹkan pín láìsí pé wọ́n pa ara wọn, ó ti ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ti wo ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe iye omi nìkan ni ó kan àwọn ẹyẹ. Àsìkò tí omi dé kàn wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìpín ọdún kò sì lè sọ ìyẹn. Ẹ wá wo Ranganathittu.

Ranganathittu kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ KRS, ó wà lẹ́bàá Srirangapatna. Àwọn erékùṣù kéékèèké ni wọ́n wà láàárín odò, òkúta àti igi. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ènìyàn ni ó dá wọn sílẹ̀ láìmọ̀. Láàárín ọdún 1645 sí 1648, ọba Kanthirava Narasaraja Wadiyar mọ ògiri kúkúrú kan la odò náà kọjá láti fi bomi rin oko. Omi gbéra sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó yí àwọn ibi gíga ká, wọ́n di erékùṣù, àwọn ẹyẹ sì rí ibi tí ológbò igbó àti ajá kò lè dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi pé gbogbo ìsédò ni ọ̀tá ẹyẹ. Ní ọdún 1940, Salim Ali, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ ẹyẹ ní Íńdíà, tí ó gbé ayé láti 1896 sí 1987, dé ibẹ̀ nígbà tí ó ń ka ẹyẹ ilẹ̀ Mysore. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu, ó sì rọ ọba ìgbà náà pé kí ó sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ààbò. Ọba gbà. Ní 2022, wọ́n kọ ọ́ mọ́ ara àwọn ibi olómi tí gbogbo ayé fọwọ́ sí pé wọ́n ṣe pàtàkì lábẹ́ àdéhùn Ramsar.

Irú ẹyẹ wo ni ènìyàn ń rí níbẹ̀? Àkọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tí ń ka Bíbélì Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Oríṣi kan nínú wọn ní ìyẹ́ aláràbarà, funfun, dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú ní ìdí, bí ẹni pé aláró ta á ní nǹkan sí lára. Oríṣi mìíràn wà tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé ní àárín. Ẹ ó rí àlàfo láàárín àgógó òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹnu náà sì ni ó fi ń yọ ìgbín inú omi jáde nínú ìkarahun. Òmíràn ní ẹnu pẹrẹsẹ bí ṣíbí, yóò sì máa fi gbọn omi sọ́tùn-ún sósì. Òfú wà níbẹ̀, tí ó ní àpò lábẹ́ ẹnu. Lékeléke oríṣiríṣi kún orí igi. Lórí àpáta lásán, níbi tí kò sí koríko kan, ẹyẹ odò kékeré kan tí fìlà orí rẹ̀ dúdú, tí ẹnu rẹ̀ pupa bí ọsàn tí ó pọ́n, tí ìrù rẹ̀ sì là sí méjì, a máa yé ẹyin rẹ̀ sí ilẹ̀ gbalasa. Tern ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀nì ń yá oòrùn ní ìsàlẹ̀ igi, ó ń retí ọmọ ẹyẹ tí yóò já bọ́.

Ẹyẹ orí àpáta yẹn ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà tí àpáta bá yọ jáde, ni ó ń yé. Ó ti mọ èyí láti ìgbà tí odò ti wà: ẹ̀ẹ̀rùn kò ní àgbàrá. Ṣùgbọ́n odò tí dáàmù wà lórí rẹ̀ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn mọ́. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn KRS ní oṣù tí òjò kò sí, nítorí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tàbí nítorí ìrèké ẹnìkan ń gbẹ, omi yóò gun àpáta ní wákàtí díẹ̀. Ẹyin lọ nìyẹn. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, àgbẹ̀ tí ó gba omi kò jalè, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ tí ó sọ ẹyin nù kò ní ẹni tí yóò rò ó fún.

Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, nígbà tí KRS bá kún tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ kí ògiri má bàa wó, gbogbo rẹ̀ a máa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2018 àti 2019, àgbàrá náà wọ́ ilẹ̀ àwọn erékùṣù lọ, ó fa igi tu. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ní láti kó àpò iyanrìn jọ yí etí erékùṣù ká kí ilẹ̀ tí ó kù má bàa lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n tún ní láti so ọkọ̀ tí ń gbé àwọn awòran mọ́lẹ̀, nítorí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bí a bá kúrò níbẹ̀, a ó gba ọ̀nà odò Shimsha dé abúlé kan tí ń jẹ́ Kokkare Bellur, ní àgbègbè Mandya. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí inú mi dùn sí àwọn ará ibẹ̀. Àárín ilé wọn gan-an ni òfú àti àkọ̀ aláràbarà ń pa ìtẹ́ sí, lórí igi àjàgbọn àti igi ọ̀pọ̀tọ́ tí ó wà ní àgbàlá, ní ẹ̀gbẹ́ kànga, lókè ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni wọ́n ti ń dé, wọn yóò sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi mú dáadáa. Kò sí ẹni tí ń lé wọn. Àwọn ará abúlé ní ọmọbìnrin àwọn ni, pé wọ́n wá sí ilé baba wọn láti wá bímọ. Ta ni yóò lé ọmọ rẹ̀ tí ó wá bímọ nílé? Wọ́n tún gbà pé ọdún tí ẹyẹ bá pọ̀ ni oko ń ṣe dáadáa.

Kí ẹ má rò pé ìfẹ́ lásán ni. Ìgbẹ́ ẹyẹ náà ń kan orí òrùlé, ó ń rùn, ó ń ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́, ẹni tí ó bá sì fi igi àjàgbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtẹ́ kò ní í rí èso rẹ̀ ká dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kó ìgbẹ́ náà jọ sínú kòtò, wọ́n ń pò ó pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, ó ń di ajílẹ̀ tí oko fẹ́ràn. Ìjọba náà a máa san owó díẹ̀ fún ẹni tí ó ní igi. Ní ọdún 1976, òṣìṣẹ́ igbó kan tí ń jẹ́ S. G. Neginhal ni ó jẹ́ kí aráyé gbọ́ nípa ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ abúlé sì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn náà tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìbátan òfú. Ọmọ ẹyẹ tí ó bá já bọ́ láti orí ìtẹ́, wọn yóò gbé e, wọn yóò máa fún un ní ẹja títí yóò fi lè fò. Ní ìparí ọdún 2017 wọ ọdún 2018, aràn wọ inú àwọn òfú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, abúlé náà sì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀.

Níbo ni òfú wọ̀nyí ti ń rí ẹja tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ? Nínú adágún tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ ní àyíká, tí omi odò àti ti òjò ń kún ni. Bí adágún bá gbẹ nítorí omi kò dé, ìfẹ́ ará abúlé kò lè di ẹja. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí wọ́n rò pé bí a bá ti fi ògiri yí ibì kan ká, tí a sì kọ ọ́ pé ilẹ̀ ààbò ni, iṣẹ́ ti parí.

Ní ìsàlẹ̀ odò, ọ̀rọ̀ náà yí padà bírí. Adágún Karaivetti ní Tamil Nadu, tí òun náà wọ ìwé Ramsar ní 2024, ipa omi tí ó wá láti Mettur ni ó ń kún un. Pẹ́pẹ́yẹ igbó kan tí ó ní ìlà dúdú méjì ní orí, tí ó fò kọjá lórí àwọn òkè Himalaya tí yìnyín bò, ń wá síbẹ̀ láti lo ìgbà òtútù. Ẹ rò ó wò: ẹyẹ gun orí òkè tí ó ga jù láyé kọjá wá sí gúúsù, ó sì kù sí ọwọ́ akọ̀wé kan tí ń ka ìwọ̀n omi ní Mettur bóyá yóò bá adágún tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Síwájú sí i, níbi tí ilẹ̀ ti parí, ni Kodiakkarai wà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Point Calimere. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ elésẹ̀ gígùn àti flamingo tí ìyẹ́ wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹun nínú omi tí kò jìn, níbi tí omi odò àti ti òkun ti ń pò pọ̀. Bí omi odò bá ti dín kù, iyọ̀ yóò bori. Iyọ̀ náà ti pẹ́ níbẹ̀. Etí ibẹ̀, ní Vedaranyam, ni Rajagopalachari kó èrò lọ ní 1930 láti lọ bu iyọ̀ ní ìlòdì sí òfin òyìnbó.

Nísinsìnyí, ẹnu kẹta ti bá wọn dé ibi odò. Ìlú Bengaluru, tí wọ́n ń pè ní Bangalore tẹ́lẹ̀, kò sí lẹ́bàá Kaveri rárá, ó jìnnà sí i tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ó sì ga jù ú lọ gidigidi. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ti omi náà gun òkè lọ bá àwọn ará ìlú. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 2023, tí kànga sì gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú ńlá náà ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ omi. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n ṣí òpó omi tuntun tí yóò máa fa mílíọ̀nù 775 lítà sí i lójúmọ́. Ìjọba Karnataka tún fẹ́ mọ dáàmù mìíràn ní Mekedatu, àfonífojì tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí ewúrẹ́ ti fò kọjá, kí ó lè há TMC 67 mọ́. Tamil Nadu ní òun kò gbà. Igbó ààbò Kaveri ni omi dáàmù náà yóò bò, ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 5,000 hẹ́kítà. Inú odò tí ó wà níbẹ̀ ni ẹja ńlá kan wà, mahseer oníké, tí kò sí nínú odò mìíràn ní gbogbo ayé yàtọ̀ sí Kaveri àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹyẹ idì apẹja ń gbé orí igi etí bèbè níbẹ̀. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ní Bengaluru kò mọ̀ wọ́n, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jà lórí Mekedatu, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iye omi ni wọ́n ń sọ. Igbó kì í sábà yọ lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn Mettur láti ayébáyé, bí omi bá tó. Ní 2023, wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà, òjò òkè sì kùnà lẹ́yìn rẹ̀, kuruvai ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbẹ mọ́ orí ìdúró, ère Nandi sì yọ orí. Ní 2024, ọjọ́ náà kọjá láìsí omi tí wọ́n lè tú, ó di ìparí oṣù keje. Ní 2025, wọ́n tún ṣí i ní ọjọ́ kejìlá gan-an. Kí oṣù náà tó parí, KRS ti kún dé etí, ẹsẹ̀ bàtà 124.8, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹfà. Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ yọ̀. Ní Ranganathittu, etí odò ni ojú àwọn òṣìṣẹ́ igbó máa ń wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọn a máa wo ibi tí omi gùn dé lára àpò iyanrìn tí wọ́n tò.